Ìgbà tí Pírósẹ́sọ̀ Laptop Ṣì Ṣeé Tú

Laptop méjì ni mo gbé lọ sí Agbowó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn. Tòkunbọ̀ ni méjèèjì, mo sì fẹ́ pààrọ̀ pírósẹ́sọ̀ wọn, ìyẹn ọpọlọ tó ń ṣe iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n tó ń bá mi tún wọn ṣe kò tíì mú sukurudíráfà tó fi béèrè pé, "Lẹ́tà wo ló gbẹ̀yìn orúkọ pírósẹ́sọ̀ wọn?" Ọ̀kan jẹ́ M, ìkejì jẹ́ U. Èyí tó jẹ́ M nìkan ló fà mọ́ra.

Láyé Pentium II, iléeṣẹ́ Intel tó ń ṣe é a máa gbé pírósẹ́sọ̀ laptop sórí bọ́ọ̀dù kékeré kan, wọn á wá tẹ ìyẹn mọ́ bọ́ọ̀dù ńlá. Ó nípọn o, ṣùgbọ́n laptop ìgbà náà fúnra rẹ̀ dà bíi búlọ́ọ̀kù. Ní 2003, Pentium M dé pẹ̀lú Socket 479, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn ibùjókòó oníhò orí bọ́ọ̀dù tí pírósẹ́sọ̀ ń wọ̀. Ọgbọ́n inú rẹ̀ wù mí. Ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní irin gígùn kan tí wọ́n ń gbé sókè kí pírósẹ́sọ̀ tó tú, inú laptop kò sì gba irin bẹ́ẹ̀. Ìdè kan ṣoṣo ni wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Yí i díẹ̀, gbogbo ihò á là, àwọn ẹsẹ̀ tín-ín-rín abẹ́ pírósẹ́sọ̀ á bọ́ sínú wọn láìtẹ̀ ẹ́ rárá. Yí i padà, wọ́n á há pinpin. Ẹni tó bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ á wọ́, owó ti wọgbó nìyẹn.

Socket M tẹ̀lé e ní 2006, Socket P ní 2007. Wọ́n jọra débi pé wọ́n lè tan ènìyàn ra èyí tí kò ní ṣiṣẹ́. AMD, abánidíje Intel, náà ní S1 tirẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ 638. Sọ́kẹ́ẹ̀tì G2 ti Intel tó dé ní 2011 ni mo fẹ́ràn jù: ìran pírósẹ́sọ̀ méjì, Sandy Bridge àti Ivy Bridge, ló jọ ń lò ó.

Ṣùgbọ́n kí G2 tó dé, ní 2008, MacBook Air, laptop pẹlẹbẹ ti Apple, ti jáde pẹ̀lú pírósẹ́sọ̀ tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù, tí kò ṣeé tú bíi ti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Pẹlẹbẹ ni gbogbo ayé ń fẹ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì sì ń gba àyè. Ní 2013, pírósẹ́sọ̀ Intel tó ń jẹ́ i7-4700MQ ṣì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì G3, àmọ́ 4700HQ, ìbejì rẹ̀, ti di àjómọ́. Ìran Broadwell tó tẹ̀lé wọn kò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì laptop kankan.

Ẹ̀gbọ́n yọ pírósẹ́sọ̀ i3 inú èyí tó jẹ́ M, ó fi i5 tó lágbára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀ kí n tó mu píọ́wọ́tà tán. Ó wá ti èyí tó jẹ́ U padà sí mi láìtú u, nítorí àjómọ́ ni tirẹ̀: "Lọ ra ráàmù."