Owó ìrànwọ́ tí NIH kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀: ta gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Ní ọdún 2025, NIH, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sórí ìwádìí ìṣègùn, kásẹ̀ ètò MARC àti àwọn mìíràn tó jọ ọ́ nílẹ̀. Àwọn òbí wá ń béèrè bóyá wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú síta.

Kí ni MARC ń ṣe kí wọ́n tó kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀?
Ó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ fásitì láti inú àwọn ìran tí kò pọ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí lọ́wọ́: ó ń san lára owó ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ó sì ń fún wọn ní owó ìgbọ́bùkátà. Owó ìgbọ́bùkátà yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fojú kéré. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ tíntìntín tí ara ohun alààyè fi kọ́, tí a ń sìn nínú àwo ní yàrá ìwádìí kò mọ ọjọ́ Àìkú. Bí a kò bá pààrọ̀ omi oúnjẹ rẹ̀ lásìkò, ó kú, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì di òfo. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kí ó lè rí owó ilé san kò lè wà nítòsí rẹ̀, bó ti wù kí ọpọlọ rẹ̀ pé tó.

Ṣé wọ́n ń fi máàkì ta wọ́n lọ́rẹ ni?
Rárá.

Ǹjẹ́ irú ìrànlọ́wọ́ yìí ti so èso?
UMBC, fásitì kan ní ìpínlẹ̀ Maryland, dá ètò Meyerhoff sílẹ̀ ní 1988. Wọ́n máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ kí ọdún ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á jọ máa kàwé, wọ́n á sì tètè wọ yàrá ìwádìí. Ibẹ̀ ni Kizzmekia Corbett ti jáde, ẹni tó wà lára àwọn onímọ̀ NIH tó ṣiṣẹ́ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà ti Moderna. Abẹ́rẹ́ náà kò béèrè àwọ̀ ẹni kí ó tó ṣiṣẹ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi ya àwọn kan sọ́tọ̀ fún ìrànlọ́wọ́ yìí?
Ìwádìí tí Donna Ginther, onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2011 fi hàn pé, bí onímọ̀ 100 bá béèrè owó NIH ní ìhà kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 10 ni aláwọ̀ dúdú fi kéré sí òyìnbó láàárín àwọn tó rí i gbà, kódà nígbà tí ìwé-ẹ̀rí àti iṣẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde bá dọ́gba. Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá 90 láti Ìbàdàn wà nínú ìwádìí àbùdá HapMap láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ wa ti wọlé, àwa ni a ṣì ń kanlẹ̀kùn.

Ilé-ẹjọ́ ńkọ́?
Adájọ́ kan ní Boston ní gígé tí NIH gé irú owó bẹ́ẹ̀ kò bófin mu. Ní oṣù kẹjọ 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fi ìbò 5 sí 4 gbà kí NIH ṣì dá owó náà dúró.

Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ mi ní. Ṣé ó kàn án?
Kò kàn án ní tààrà. Ọmọ ìlú Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní gíríìnì káàdì nìkan ni MARC wà fún nígbà tó ṣì wà.

Kí ni kí a ṣe báyìí?
Kí ọmọ tó gba àyè láti kẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé, kí ó kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka fásitì tó fún un láyè: níbo ni owó ìgbọ́bùkátà yóò ti máa wá, ọdún mélòó sì ni? Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù kí òun lè bá yín gba owó MARC, onígbàjúẹ̀ ni.