Òrùka dáyámọ́ǹdì: ibi tí owó ń lọ àti ibi tí a ti lè dín in kù

Òrùka tí ọkùnrin fi ń sọ fún obìnrin pé "fẹ́ mi" ni à ń sọ níbí, kì í ṣe ti ọjọ́ ìdána, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ńgéèjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe méjèèjì. Iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára kó ohun púpọ̀ pọ̀: ìwúwo òkúta, bí wọ́n ṣe gé e, àwọ̀ rẹ̀, mímọ́ inú rẹ̀, wúrà tó gbé e dúró, iṣẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ, àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan nínú wọn wà tí ojú ń rí. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé orí ìwé nìkan ni wọ́n ti yàtọ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ níwọ̀n, kó sanwó fún ohun tí ojú ń rí, kó fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn olówó. Ní ti ọ̀rọ̀ pé owó oṣù méjì ló yẹ kí òrùka gbà, ìpolówó ọjà De Beers, iléeṣẹ́ tó ń ta dáyámọ́ǹdì, ló tan án kálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ẹni tó ń ta òkúta ló ń sọ iye tó yẹ kí a fi ra òkúta.

Kárátì ni wọ́n fi ń wọn dáyámọ́ǹdì. Kárátì kan jẹ́ 200 mílígíráàmù, márùn-ún ló pé gíráàmù kan. Wọ́n tún pín in sí póìǹtì 100, nítorí náà 50 póìǹtì ni ìdajì kárátì. Iye tí wọ́n ń ka kárátì kì í dúró sójú kan: bí òkúta bá ti dé 0.50, 0.70, 0.90 tàbí 1.00, owó á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí òkúta 0.93 fi lè dín owó dáadáa sí ti 1.00 tí gbogbo nǹkan wọn yòókù dọ́gba. Dáyámọ́ǹdì roboto kárátì kan tí wọ́n gé dáadáa fẹ̀ tó mílímítà 6.5, ti 0.90 fẹ̀ tó 6.2. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó ìdajì ìnípọn káàdì ATM.

Gígé ni ohun tí a kì í fi dín owó kù. Àwọ̀ àti mímọ́ ti inú ilẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ló ń mú kí òkúta tàn. Ojú 57 tàbí 58 ni wọ́n ń gé sí ara òkúta roboto, kí wọ́n lè gba ìmọ́lẹ̀ wọlé kí wọ́n sì dá a padà sókè. Bí wọ́n bá gé e pẹlẹbẹ jù, ìmọ́lẹ̀ á jò gba ìdí jáde, a ó sì rí àmì òbìrìkítí funfun kan nínú rẹ̀ bí ojú ẹja. Bí ó bá jìn jù, àárín rẹ̀ á dúdú bí orí ìṣó. Kì í ṣe pé agékúta kò mọ iṣẹ́. Òkúta tí ì bá di 0.90 tó dáa ni ó fi ikùn ńlá sílẹ̀ fún, kí ó lè wọn 1.00, kí owó rẹ̀ lè fò. Ẹni tó rà á sanwó kárátì kan, ṣùgbọ́n bí ó bá wò ó látòkè, mílímítà 6.1 tàbí 6.2 ló ń rí. Ìwúwo tó kù wà nísàlẹ̀, níbi tí kò sẹ́ni tó lè rí i. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ni "mílímítà mélòó ni?", kárátì ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lé e. Lórí ìwé GIA (àjọ tó ń yẹ dáyámọ́ǹdì wò tó sì ń fún un ní ìwé ẹ̀rí), "Excellent" ni kí a wá fún roboto, ó kéré tán "Very Good". Jíjìn rẹ̀ tó bá wà láàárín ìdá 59 sí 62.5 nínú 100 ìbú rẹ̀ sábà máa ń dára.

Iná ṣọ́ọ̀bù oníwúrà kò ṣeé gbà gbọ́. Àwọn gílóòbù kéékèèké òkè yẹn lè mú kí ìgò lásán máa kọ mànà. Kí a bẹ onítọ̀hún pé kó jẹ́ kí a gbé òrùka lọ sẹ́bàá fèrèsé, kí a tún fi ọwọ́ ṣíji bò ó. Òkúta tí wọ́n gé dáadáa á ṣì máa ṣẹ́jú níbẹ̀. Èyí tí wọ́n gé jákujàku á kú bí omi ọṣẹ. Irú olóbìrípo gígùn, bí ẹyin, sábà máa ń dín owó ju roboto lọ, ó sì máa ń dà bíi pé ó tóbi jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ òjìji dúdú tó máa ń là á láàárín bíi táì tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn.

Àwọ̀ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti D, tí kò ní àwọ̀ rárá, ni wọ́n ti ń kà á dé Z, tó ti ní àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́. Lórí wúrà funfun, G tàbí H ti tó. Lórí wúrà pupa ìyeyè, J pàápàá á fúnfun lójú, nítorí àwọ̀ wúrà fúnra rẹ̀ ń bò ó. Ní ti mímọ́, awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá ni wọ́n fi ń wá àbàwọ́n. Àbàwọ́n tí ojú lásán kò lè rí kì í ṣe wàhálà ẹnikẹ́ni. VS2 tàbí SI1 (ipò mímọ́ tí àbàwọ́n rẹ̀ kéré) tó ní àbàwọ́n létí, níbi tí èékánná òrùka, irin kéékèèké tó di òkúta mú, lè bò mọ́lẹ̀, sàn ju èyí tó ní dúdú kan ní àárín gbùngbùn.

Níbi tí owó ti lè dín jù lọ ni dáyámọ́ǹdì tí wọ́n ṣe ní láàbù. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà: wọ́n lè fi ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ líle fún kábọ́ọ̀nù, tàbí kí wọ́n fi gáàsì methane àti hydrogen sínú àpótí gbígbóná kí kábọ́ọ̀nù máa dì sórí pẹlẹbẹ dáyámọ́ǹdì tín-ín-rín. Dáyámọ́ǹdì gidi ni. Ẹ̀rọ alọ́wọ́ lásán tí wọ́n fi ń dán òkúta wò kò lè yà á sọ́tọ̀ sí ti inú ilẹ̀. Owó rẹ̀ ń já wálẹ̀ ni: nígbà tí De Beers dá Lightbox, iléeṣẹ́ tó ń ta ti láàbù, sílẹ̀ ní 2018, 800 dọ́là ni wọ́n ń ta kárátì kan, ní 2024 wọ́n sọ ọ́ di 500, ní 2025 wọ́n ní àwọn yóò ti iléeṣẹ́ náà pa. Nítorí náà, ẹni tó bá rà á, kó rà á láti fi wọ̀, kó má rò ó bí ìpamọ́. Ti inú ilẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Màmá tó ní wúrà mọ̀ pé bí ọ̀ràn bá dé, wọn á wọn ọ́n, wọn á sì san iye wúrà ọjọ́ náà fún un. Bí a bá gbé dáyámọ́ǹdì padà lọ sọ́jà, díẹ̀ nínú owó tí a fi rà á ni wọ́n máa dá lé e.

Moissanite, òkúta mìíràn tó jọ ọ́, kì í ṣe dáyámọ́ǹdì, kò sì sí èébú níbẹ̀ bí ẹni tó ń wọ̀ ọ́ bá mọ̀. Ó le dáadáa, owó rẹ̀ kéré, àwọ̀ òṣùmàrè rẹ̀ pọ̀ ju ti dáyámọ́ǹdì lọ. Ibi tó ti ń di gbàjúẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tó ń fi ooru dán òkúta wò máa ń pè é ní dáyámọ́ǹdì. Èyí tó ń lo iná mànàmáná pẹ̀lú ló ń tú àṣírí rẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ GIA tàbí IGI, àjọ mìíràn bíi tirẹ̀, ní nọ́ńbà, a sì lè yẹ nọ́ńbà yẹn wò lórí ìkànnì wọn. Nọ́ńbà náà sábà máa ń wà ní fífín sí ètí òkúta. Kí a fi awò kà á, kí a rí i pé ó bá ìwé mu, nítorí ìwé òótọ́ lè tẹ̀ lé òkúta mìíràn. Ẹ̀tàn tó wọ́pọ̀ jù ni "1.00 ctw" tí wọ́n ń kọ sára òrùka: àpapọ̀ gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ló pé kárátì kan, kì í ṣe ti àárín.

Ní ti wúrà, òǹtẹ̀ 375 (ìdá 375 nínú 1000 ló jẹ́ wúrà) ni kárátì 9, 585 ni 14, 750 ni 18. Platinum sábà máa ń jẹ́ 950. (Kárátì wúrà yàtọ̀ sí ti òkúta, dídára ni tirẹ̀ ń wọ̀n.) Òfin ìlú Ọba ní kí wúrà tó bá wúwo ju gíráàmù kan lọ ní òǹtẹ̀ kí wọ́n tó lè tà á bíi wúrà; kí ẹni tó ń rajà ní Hatton Garden, àdúgbò àwọn oníwúrà ní London, wá a nínú òrùka. Wúrà funfun sábà máa ń ní rhodium, irin funfun kan, tí wọ́n fi bò ó lára, tó máa ń ṣí lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a ó sì sanwó láti tún un bò. Ẹni tó bá rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìlú Ọba ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó gbà á láti sọ pé òun fẹ́ dá a padà, àfi bí wọ́n bá ti fín orúkọ sí i tàbí ṣe é fún un ní pàtàkì.

Ìwọ̀n ìka, ìrọ̀lẹ́ ni kí a wọ̀n ọ́n, nítorí ìka máa ń sún kì ní òwúrọ̀ tútù. Bí ọkùnrin náà kò bá fẹ́ kí obìnrin náà mọ̀ tẹ́lẹ̀, kó yá òrùka rẹ̀ tó ń wọ ìka kan náà, kó fi rúlà wọn ihò rẹ̀: mílímítà 16.5 ni ìwọ̀n 6 ti Amẹ́ríkà, 17.3 ni 7. Òrùka tó ní òkúta yí ká pátápátá kò ṣeé tún fẹ̀ tàbí sún kì, kó má rà á bí ìwọ̀n kò bá dájú.

Lẹ́yìn tí obìnrin náà bá ti wọ̀ ọ́, èékánná òrùka ló sábà máa ń kọ́kọ́ yẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà, kí ó gbé òrùka sétí, kí ó fi ìka gbá a pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Bí ó bá ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kí ó bọ́ ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà.