Ìbọ̀wọ́ tuntun kí a tó rán ikùn: bí ìwádìí iṣẹ́ abẹ ṣe ń rí ohun tí ojú lásán kò lè rí

Nígbà tí dókítà bá ti gé apá tó bàjẹ́ nínú ìfun kúrò, tó sì ti rán ẹnu ìfun méjèèjì pọ̀, ó ku kí ó pa ikùn dé. Ìbọ̀wọ́ tí kòkòrò inú ìfun ti lẹ̀ mọ́ yẹn náà ló fi ń di abẹ́rẹ́ mú tó fi ń rán an. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Bí gbogbo àwọn tó dúró ti aláìsàn náà bá wá bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn sọnù, tí wọ́n wọ òmíràn, tí nọ́ọ̀sì sì gbé irin iṣẹ́ mìíràn tó mọ́ kalẹ̀ kí wọ́n tó rán ikùn, ṣé egbò tó ń kẹ̀ yóò dín kù?

Ó lè dà bíi pé kò sí ohun tí a fẹ́ wádìí níbẹ̀. Àmọ́ owó ni ìbọ̀wọ́, owó ni irin. Níbi tó jẹ́ pé mọ̀lẹ́bí aláìsàn ló ń lọ ra ìbọ̀wọ́ wá, kò yẹ kí a fi kún ìnáwó wọn nítorí ohun tó kàn jọ òótọ́. Ohun tó jọ òótọ́ sì ti já èèyàn kulẹ̀ rí. Ìwádìí kan tí wọ́n pè ní FALCON, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021, kó aláìsàn 5,788 jọ ní ilé ìwòsàn 54, ní orílẹ̀-èdè méje tí Nàìjíríà àti Benin wà lára wọn. Wọ́n fi chlorhexidine, oògùn apakòkòrò kan tí a pò mọ́ ọtí, wé ayodíìnì tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi ń nu awọ ara. Wọ́n sì fi òwú ìránra tí a ti fi oògùn apakòkòrò sí lára wé òwú ìránra lásán. Kò sí èyí tó ta èkejì yọ.

Ìwádìí ìbọ̀wọ́ ló tẹ̀ lé e, ChEETAh ni orúkọ rẹ̀. Ilé ìwòsàn 81 ló kópa, ní Nàìjíríà, Benin, Gánà, Rùwáńdà, Gúúsù Áfíríkà, Íńdíà àti Mẹ́síkò. Kì í ṣe aláìsàn ni wọ́n ṣẹ́ gègé lé lórí, ilé ìwòsàn ni: 42 ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, 39 ń pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti irin. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Bí wọ́n bá ní kí nọ́ọ̀sì kan náà pààrọ̀ fún aláìsàn àárọ̀, kó má pààrọ̀ fún ti ọ̀sán, kò ní pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ́ ọn lára, tí ìyàtọ̀ tí wọ́n ń wá á sì pòórá.

Wọ́n gba àgbà àti ọmọdé, yálà iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì ni tàbí èyí tí wọ́n ti dájọ́ rẹ̀: apẹ́ńdíìsì tó bẹ́, ìfun tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun dá lu, jẹjẹrẹ ìfun. Wọn ò ka iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí mọ́ ọn.

Kí irú ìwádìí báyìí tó bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, ètò rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ aláìsàn. Ìgbìmọ̀ náà kì í ṣe ti dókítà nìkan; ará ìlú tí kì í ṣe oníṣègùn a máa wà níbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń gba àṣẹ lọ́wọ́ aláìsàn, èdè tó gbọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣàlàyé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe Yorùbá inú ìwé ni ìyá tí inú ń run nílò. “Egbò lè kẹ̀, a fẹ́ mọ ohun tí kò ní jẹ́ kó kẹ̀” ti tó. Bí kò bá mọ̀wé, á tẹ àtàǹpàkò, ẹlẹ́rìí á fọwọ́ sí i. Bó bá ní òun ò ṣe, ìtọ́jú rẹ̀ kò gbọdọ̀ yí padà.

Ibi tí iṣẹ́ ti le jù ni ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, torí ìgbà yẹn ni wọ́n ń ka egbò dé. Aláìsàn ti lè lọ sílé ní ọjọ́ kẹfà, kí egbò kẹ̀ ní ọjọ́ kejìlá. Bó bá jẹ́ àwọn tó padà wá nìkan ni wọ́n kà, irọ́ ni iye tí wọ́n máa rí: ẹni tí ara rẹ̀ ti yá kò ní wọkọ̀ wá lásán, ẹni tí egbò rẹ̀ kẹ̀ sì lè gba ilé ìwòsàn tó wà nítòsí lọ. Nítorí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá a kàn. Fóònù lè jẹ́ ti ọmọ rẹ̀ tó wà níbi iṣẹ́. Wọ́n á tún pè nírọ̀lẹ́. “Mọ́mì, ṣé ọyún ń jáde níbẹ̀? Ṣé ó wú? Ṣé ẹnu rẹ̀ là?” Ì bá dára kí ẹni tó ń yẹ egbò wò má mọ ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ fún, kí ìfẹ́ inú rẹ̀ má bàa darí ohun tó máa kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò ṣeé ṣe nínú ChEETAh; aláìsàn ni wọn kò jẹ́ kó mọ̀. Wíwá aláìsàn kàn báyìí, iṣẹ́ tí kò lókìkí ni, ṣùgbọ́n òun ló gbé gbogbo ìwádìí dúró.

Àbájáde jáde ní 2022. Nínú aláìsàn 13,301, níbi tí wọn kò ti pààrọ̀, egbò ìdá 18.9 nínú 100 kẹ̀. Níbi tí wọ́n ti pààrọ̀, ó jẹ́ 16.0. Bí ẹni mẹ́ta nínú 100 nìyẹn. Dókítà tó ń ṣe ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ abẹ ikùn lọ́dún kò lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó lè rò pé ọdún tó dára ni. Ṣùgbọ́n fún ẹni mẹ́ta náà, oṣù kan tí wọn ò fi wẹ egbò lójoojúmọ́ ni, owó oògùn tí wọn ò yá ni.

Nísinsìnyí, níbi tí wọ́n bá ti gba àbájáde yìí lò, nọ́ọ̀sì á ti ya irin tí wọ́n máa fi rán ikùn sọ́tọ̀ kí dókítà tó la ara rárá, á sì fi aṣọ tó mọ́ bò ó. Tí wọ́n bá ti fọ inú ikùn tán, gbogbo wọn á sún sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n á bọ́ ìbọ̀wọ́ sínú ike ìdọ̀tí, wọ́n á wọ tuntun, kí nọ́ọ̀sì tó ṣí aṣọ yẹn.