"Má Tẹ̀ Mí Mọ́lẹ̀": Ta Ni Ejò Yìí Ń Bá Wí?

Ìbéèrè: Aládùúgbò àbúrò mi ní Houston ta àsíá aláwọ̀ ìyeyè síwájú ilé rẹ̀, ejò ló wà lára rẹ̀. Ṣé kí àbúrò mi máa bẹ̀rù ni?

Àsíá Gadsden nìyẹn. Ejò náà ká jọ, nǹkan bí ṣaworo wà ní ìrù rẹ̀, wọ́n sì kọ "Don't Tread on Me" sísàlẹ̀: "Má tẹ̀ mí mọ́lẹ̀". Àsíá nìkan kò tó láti fi mọ inú ẹni tó ta á.

Níbo ló ti wá?

Ọdún 1775 ni, nígbà tí àwọn ilẹ̀ 13 tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Amẹ́ríkà dìde sí Ọba George Kẹta. Christopher Gadsden, olóṣèlú ará South Carolina, ló gbé e fún Esek Hopkins, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi wọn. Kò sí irú ejò oníṣaworo yìí ní Yúróòpù, ti Amẹ́ríkà ni. Àwọn ènìyàn ìgbà náà ní ejò náà kì í wá ìjà ẹnikẹ́ni, ìrù ló fi ń kìlọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á rí i. (Ẹ kíyè sí i pé "má" ni mo kọ, n kò kọ "ẹ má". Ejò tó ti kẹ̀yìn sí ọba, kí ló kù tó fẹ́ bọ̀wọ̀ fún?)

Báwo ni ọ̀tá méjì ṣe wá ń gbé àsíá kan náà?

Gbólóhùn náà kò dárúkọ ẹni tó ń tẹni, kò sì dárúkọ ẹni tí wọ́n ń tẹ̀. Lọ́dún 2009, owó orí àti agbára ìjọba àpapọ̀ ni àwọn Tea Party, ìyẹn àwọn ará Amẹ́ríkà tí kò fẹ́ kí ìjọba tóbi jù, fi ń bá wí. Ní January 6, 2021, ó wà lọ́wọ́ àwọn tó ya wọ ilé aṣòfin ní Washington. Lọ́dún 2022, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ fagi lé ẹ̀tọ́ ìṣẹ́yún tó kárí orílẹ̀-èdè. Làwọn obìnrin bá ya ejò náà bí ilé ọmọ. Àwọn mìíràn a ta á mọ́ àsíá tí wọ́n fi ń gbè sẹ́yìn ọlọ́pàá. Ìyẹn a máa pa mí lẹ́rìn-ín: bí ìjọba bá fẹ́ tẹ̀ wọ́n, ta ni yóò rán wá?

Wọ́n ní àsíá ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Ṣé òótọ́ ni?

Ọ̀rọ̀ ẹrú kọ́ ló bí i. Ṣùgbọ́n Gadsden fúnra rẹ̀ ní ẹrú, òun ló sì kọ́ èbúté Gadsden's Wharf ní Charleston, níbi tí ọkọ̀ ti já ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Áfíríkà sílẹ̀ sóko ẹrú. Mùsíọ́ọ̀mù ìtàn wọn ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n ṣí i lọ́dún 2023. Ọdún yẹn kan náà ni ilé ìwé kan ní Colorado ní kí ọmọdékùnrin kan yọ àmì àsíá yìí kúrò lára báàgì rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹrú. Gómìnà Jared Polis, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, ló gbèjà àsíá náà.

Kí ni kí àbúrò mi wá ṣe?

Kó kí ọkùnrin náà káàárọ̀, kó sì bi í pé ta ló ń tẹ̀ ẹ́.