Iṣẹ́ abẹ́ títì kó tó kan irin

"Ẹ ti ń gbẹ́ títì yìí tipẹ́, irin dà?" Ìbéèrè tí ará àdúgbò máa ń bi wá nìyẹn tí a bá ń fa ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin inú ìlú gùn sí i. Wọn ò jẹ̀bi. Abẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ tó le jù wà.

Páìpù omi, páìpù gáàsì àti wáyà iná la gbọ́dọ̀ kó kúrò níbi tí irin máa gbà, torí bí páìpù bá bẹ́ lábẹ́ irin lọ́la, ọkọ̀ ò ní kọjá títí a ó fi hú u. Iná tún ńkọ́? Ọkọ̀ yìí sábà máa ń gba iná fólítì 750 lára wáyà òkè, iná náà á sì gba ara irin padà. Bó bá jò sínú ilẹ̀, ara páìpù ló máa gbà lọ, ibi tó bá sì ti jáde lára páìpù ló ti máa ń jẹ ẹ́ títí yóò fi lu. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi rọ́bà wé irin kí a tó da kọnkéré yí i ká.

Ìwé àwòrán abẹ́ ilẹ̀ kì í sọ òótọ́ tán. Lọ́jọ́ kan, à ń fi ọwọ́ gbẹ́ ihò àyẹ̀wò, ìyẹn ihò tí a fi ń wo ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé ní páìpù omi wà ní mítà kan ààbọ̀ sísàlẹ̀. Ihò náà ò tíì mù wá dé orúnkún tí ṣọ́bìrì fi dún gbàǹ. Páìpù mìíràn ni, ó ti dógùn-ún, kò sí nínú ìwé kankan, omi sì ń lọ nínú rẹ̀. Ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ dúró sójú kan, ó na ọwọ́ sókè. Ká ní katapílà la gbé wọ ibẹ̀ ni, àdúgbò yẹn ò bá má rí omi lò lọ́jọ́ náà.

Ní Edinburgh ní Scotland, Newhaven, àdúgbò kan létí omi níbẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ ní ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin inú ìlú wọn máa dé. Wàhálà páìpù abẹ́ títì àti ìjà lórí ìwé àdéhùn wà lára ohun tó dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n ná 776 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, síbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ́dún 2014, kò dé Newhaven. Ó di 2023 kó tó débẹ̀. Nígbà ìfàgùn yẹn, òkú tó lé ní 360, tí wọ́n sin láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá sí ìkẹtàdínlógún, ni wọ́n bá lábẹ́ títì kan tó ń jẹ́ Constitution Street. Àfi kí wọ́n rọra hú wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí irin tó lè kọjá.

Ohun mìíràn tí àwòrán iṣẹ́ kì í fi hàn ni iye ọkọ̀ tí ẹ máa rà kún un. Bí ẹ bá fi kìlómítà 5 kún ọ̀nà, tí ọkọ̀ ń rin 20 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 15 ni àlọ, 15 ni àbọ̀. Bí ọkọ̀ kan bá gbọ́dọ̀ máa dé ní ìṣẹ́jú 6-6, ọkọ̀ 5 lẹ máa rà kún un, kìkì kí àwọn tó ń wọkọ̀ lójú ọ̀nà àtijọ́ má baà pẹ́ ní ìdúró. Ọkọ̀ 5 wọ̀nyẹn ń fẹ́ ibi tí wọ́n máa sùn àti iná tó tó wọn.

Nítorí náà, tí àwọn tó fẹ́ fa ọ̀nà irin gùn bá pè yín sí ìpàdé, ẹ fi àwòrán ibùdókọ̀ aláràbarà tí wọ́n bá gbé wá sílẹ̀ ná. Ihò àyẹ̀wò mélòó ni wọ́n ti gbẹ́ kí wọ́n tó dárúkọ owó? Ẹ bi wọ́n.