Fọ́ǹtì táípúráítà tó gbó: bó ṣe rí àti ibi tó wúlò

Fọ́ǹtì táípúráítà tó gbó jẹ́ fọ́ǹtì kọ̀ǹpútà, ìyẹn bátànì lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé, àmọ́ wọ́n yà á kó lè jọ iṣẹ́ táípúráítà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́: ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà rí gbágungbàgun, tàdáwà ki níbì kan, ó ṣá níbòmíì.

Àyè kan náà ni gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ń gbà, i tín-ín-rín àti m fífẹ̀ ò yàtọ̀, torí pé lórí ọ̀pọ̀ táípúráítà, ìwọ̀n kan náà ni bébà máa ń sún lẹ́yìn bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n lẹ́tà táípúráítà tí wọ́n ń pè ní pica ń kó lẹ́tà 10 sínú íǹṣì kan, elite ń kó 12. Bẹ́ẹ̀ náà ni àyè lẹ́tà ṣe dọ́gba nínú Courier, bátànì lẹ́tà táípúráítà tí Howard Kettler yà fún ilé iṣẹ́ IBM láàárín àwọn ọdún 1950, àmọ́ tiẹ̀ mọ́ tónítóní.

Gbígbó yìí nídìí. Lẹ́tà irin ló ń gbá ríbọ́ọ̀nù, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó mu tàdáwà, mọ́ bébà. Tàdáwà àti fọ́nrán òwú á máa dì sínú ihò lẹ́tà, inú e, a àti o á wá dí. Bí ríbọ́ọ̀nù bá gbẹ, ojú híhun aṣọ náà á hàn lára lẹ́tà. Lẹ́tà ńlá sábà máa ń yẹ̀ lórí ìlà bí shift, bọ́tìnnì lẹ́tà ńlá, ò bá gbé e dé ojú ibi tó yẹ. Àmì ìdánudúró ní tiẹ̀ kéré lójú, gbogbo agbára ìka ló ń bọ́ síbì kan, ìyẹn ló fi máa ń dúdú kirikiri, tó tiẹ̀ lè lu bébà. Fọ́ǹtì tí wọ́n kàn fọ́n eruku kan náà lé lórí láti A dé Z, ayédèrú ni.

Ibi tí àṣírí ti ń tú ni lẹ́tà tó bá jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ tẹ "baba" ní ìwọ̀n 60, kí ẹ wo b méjèèjì. Bí irin lẹ́tà bá ti ya, lóòótọ́, àpá yẹn á máa jáde nígbà gbogbo. Tàdáwà ni kò gbọdọ̀ ṣá síbì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Fọ́ǹtì tó dáa ní oríṣi méjì tàbí mẹ́ta fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pààrọ̀ wọn fúnra rẹ̀ bí ẹ bá tan "contextual alternates" nínú ètò tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́.

Àkọlé, èèpo ìwé, pósítà, àti lẹ́tà àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ fi hàn nínú fíìmù ló yẹ ẹ́. Ẹ má fi kọ ojú ìwé gígùn, ó ń rẹ ojú. Tó bá kéré ju ìwọ̀n 12 lọ, gbígbó yẹn á kàn dà bí ìdọ̀tí. Ẹ má tẹ bold, ìyẹn lẹ́tà kíki, lé e, ihò tó ti dí tẹ́lẹ̀ á tún dí sí i. Ẹ má sì fà á gún lápá méjèèjì, àyè àárín ọ̀rọ̀ á dàrú. Apá òsì nìkan ni kó gún. Fún lẹ́tà inú fíìmù, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ táípúráítà àtijọ́ kò ní bọ́tìnnì 1: l kékeré ni wọ́n ń tẹ̀ dípò rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ lẹ́tà ẹ́, ọ̀ àti ṣ wò. Bí fọ́ǹtì náà ò bá ní wọn, kọ̀ǹpútà á yá wọn láti inú fọ́ǹtì míì, lẹ́tà kan á wá mọ́ fáú láàárín àwọn tó gbó. Bó bá jẹ́ àkọlé péré ni, ẹ lè tẹ e, o àti s lásán, kí ẹ wá fi àmì ìdánudúró fọ́ǹtì náà gan-an sábẹ́ wọn bí àwòrán, kí ẹ dín in kù díẹ̀.