Nǹkan Oṣù, Béárì àti Ohùn WhatsApp Tó Ń Dẹ́rù Ba Àwọn Òbí: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ohùn kan ti ń tàn ká lórí WhatsApp láàárín àwọn òbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ní ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin de obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù pé kò gbọdọ̀ wọ igbó, torí béárì máa ń gbóòórùn ẹ̀jẹ̀ náà láti ọ̀nà jíjìn, á sì tọ òórùn náà dé ibi tí obìnrin náà sùn sí. Ẹlòmíì tún fi tirẹ̀ kún un pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́ Ilé. Ẹ wo ìyá tọ́mọ rẹ̀ ti japa lọ kàwé, tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òun àtàwọn ọmọ kíláàsì òun fẹ́ lọ pàgọ́ sórí òkè ní Montana, l'Amẹ́ríkà. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò lè sùn. Mo mọ̀, torí aago márùn-ún ìdájí ni ọ̀kan nínú wọn pè mí.

Ohun tí òun àtàwọn yòókù bi mí nìyí.

Ṣé òótọ́ ni pé òfin wà?

Rárá. Kò sí òfin kankan bẹ́ẹ̀.

Béárì gan-an, kí ló ń jẹ́ béárì?

Ẹranko ńlá onírun ni. Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ni ti inú Bíbélì, abo béárì méjì tó jáde láti inú igbó tó fa ọmọ méjìlélógójì ya torí pé wọ́n pe Èlíṣà ní apárí. (Ẹnu ló kó bá wọn o. Kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ nǹkan oṣù.) Kò sí béárì nílẹ̀ Yorùbá, kò sí i ní Nàìjíríà. Ní gbogbo Áfíríkà, apá àríwá, lágbègbè òkè Atlas, nìkan ló ti gbé rí, ó sì ti run níbẹ̀ tipẹ́.

Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, oríṣi mẹ́ta ló wà. Black bear ló pọ̀ jù. Grizzly tóbi jù ú lọ, inú rẹ̀ sì tètè máa ń ru, pàápàá tó bá ní ọmọ lẹ́yìn. Polar bear ni béárì funfun tó ń gbé orí yìnyín lápá àríwá pátápátá. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́kàn, torí ọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú wọn máa yàtọ̀ níwájú.

Níbo wá lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀?

Ó níbi tó ti ṣẹ̀, ìtàn ibẹ̀ ò sì dùn ún gbọ́.

Wọ́n ti dá ọgbà kan tó ń jẹ́ Glacier National Park sílẹ̀ ní Montana láti ọdún 1910. Títí di 1967, béárì kò pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹjọ ọdún náà, grizzly méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pa ọ̀dọ́bìnrin méjì, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún làwọn méjèèjì, níbi méjì tó jìnnà síra wọn. Ó ju ohun tí ọkàn èèyàn lè gbà lọ, ni kálukú bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó so méjèèjì pọ̀. Àwọn kan ní mànàmáná tó ń kọ lóru yẹn ló da orí àwọn ẹranko náà rú. Àwọn mìíràn ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́, èkejì sì kó ohun tó fẹ́ fi ṣe tirẹ̀ sínú ẹrù. Èyí ló dùn ún sọ jù, òun ló sì dúró.

Àwọn tó mọ ibẹ̀ mọ ohun mìíràn. Ọ̀kan nínú ibi méjèèjì wà nítòsí ilé àlejò kan tí wọ́n ti ń da àjẹkù oúnjẹ sẹ́yìnkùlé. Tílẹ̀ bá ti ṣú, àwọn àlejò á jókòó, wọ́n á máa wo grizzly bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Níbi kejì, béárì ti ń yọ sí àgọ́ àwọn èèyàn ní gbogbo ìgbà ooru ọdún yẹn, ó ń kó wọn lóúnjẹ. Èèyàn fúnra wọn ló kọ́ àwọn ẹranko wọ̀nyí pé ibi tí òórùn èèyàn bá wà, oúnjẹ wà níbẹ̀. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí síwá-sẹ́yìn, lójú tèmi, ẹ̀bi ààtàn ni wọ́n gbé ka nǹkan oṣù lórí.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ìwé pélébé kan tí wọ́n ń pín fún àlejò wá ń gba obìnrin nímọ̀ràn pé kó má wọ igbó béárì lásìkò rẹ̀. Ìmọ̀ràn àtijọ́ yìí ló jọ pé ẹni tó ṣe ohùn WhatsApp yẹn gbọ́ tó fi sọ ọ́ dòfin.

Ṣé ẹnikẹ́ni ti yẹ̀ ẹ́ wò?

Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, ibí yìí ló sì dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Stephen Herrero, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Kánádà, kó ìtàn ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn tí béárì kọ lù jọ, ó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1985. Kò rí ohun tó so ìkọlù grizzly pọ̀ mọ́ nǹkan oṣù.

Lọ́dún 1991 ni Lynn Rogers àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé tiwọn jáde. Àwọn ò fi ọ̀rọ̀ sínú ìwé nìkan, inú igbó Minnesota, l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n lọ. Wọ́n gba tampon, ìyẹn òwú tí àwọn obìnrin kan máa ń kì sí ojú ara dípò páàdì, èyí tí wọ́n ti lò, wọ́n gbé e síwájú black bear. Béárì ò kà á sí. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ fúnra wọn wà nítòsí wọn. Béárì ò ka ìyẹn náà sí. Wọ́n wá so oríṣiríṣi tampon mọ́ okùn ìpẹja, wọ́n ń jù ú síwájú béárì bí ẹni tó ń dẹ ẹja lódò. Èyí tí wọ́n rẹ sínú ọ̀rá màlúù ni béárì gbé jẹ.

Àgbà ọkùnrin tó fi okùn ìpẹja ju tampon sí béárì nítorí ìmọ̀! Mi ò mọ ohun tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń lọ ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ẹ tún wo ti Yellowstone, ọgbà ẹranko kan l'Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1872. Láàárín 1980 sí 2011, èèyàn 43 ni béárì ṣe léṣe níbẹ̀. Obìnrin jẹ́ 9 nínú wọn, wọn ò sì rí ẹ̀rí pé nǹkan oṣù lọ́wọ́ sí i. Àwọn yòókù, 34, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Nǹkan oṣù ta ni béárì gbọ́ òórùn rẹ̀ lára tiwọn?

Èwo wá ni béárì tọ́rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀?

Polar bear ni. Mi ò ní fi í pamọ́ fún yín kí ẹlòmíì má baà wá gbé e kò mí lójú. Lọ́dún 1983, Bruce Cushing gbé àyẹ̀wò tirẹ̀ jáde, ó sì rí i pé béárì funfun wọ̀nyí máa ń tọ òórùn tampon tí wọ́n ti lò, tí wọ́n á sì máa jẹ ẹ́ lẹ́nu, bí wọ́n ṣe ń tọ òórùn seal, ẹran omi tó jẹ́ oúnjẹ wọn. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn lásán, èyí tí kì í ṣe ti nǹkan oṣù, wọn ò kà á sí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ pàgọ́ sórí yìnyín níbi tí polar bear wà, kó ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n polar bear ò sí ní Montana, bẹ́ẹ̀ ni kò sí n'Ígbẹ̀tì.

Ṣebí àwọn baba wa náà sọ pé obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í dé ibì kan?

Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí wọ́n sọ yé. Nílé ọdẹ, obìnrin tó bá wà lásìkò rẹ̀ kì í fọwọ́ kan ìbọn, kì í fọwọ́ kan oògùn, torí wọ́n gbà pé ẹ̀jẹ̀ yẹn máa ń ba oògùn jẹ́. Ojúbọ mìíràn wà tí kò gbọdọ̀ wọ̀. Lójú wọn, ohun tó ń lé agbára sá ni ẹ̀jẹ̀ náà. Ohùn WhatsApp yìí ní ohun tó ń pe ẹranko wá ni. Méjèèjì ò jọra rárá, mi ò sì tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ọdẹ kan pé nǹkan oṣù aya òun ló pe ẹfọ̀n wálé. Ẹni tó bá fẹ́ pa èèwọ̀ ilé wọn mọ́, kó pa á mọ́, ìyẹn ò kàn mí. Kó ṣáà má máa pè é ní sáyẹ́ǹsì òyìnbó.

Ó dáa. Ọmọ mi ṣì ń lọ. Kí ló máa ṣe páàdì tó bá ti lò ó tán?

Kó ṣe é bó ṣe máa ṣe egungun ẹja. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Lẹ́yìn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Under G, àdúgbò kan l'Ógbòmọ̀ṣọ́, mo dúró wo ajá kan tó ń tú nylon ìdọ̀tí. Ó kọ́kọ́ fẹnu fa ìsàlẹ̀ nylon ya. Ó jẹ orí ẹja, ó lá ike tí wọ́n fi ra gbẹ̀gìrì títí ike fi ń dán. Ìgbà tí gbogbo ìyẹn tán ló wá gbé páàdì kan, ó rìn jáde pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu, ó lọ jù ú síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta búrẹ́dì. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló pe ajá yẹn wá. Ṣùgbọ́n páàdì wà láàárín ohun tó pè é, ó sì bá wọn lọ. Bọ́rọ̀ béárì ṣe rí gan-an nìyẹn: kò wá obìnrin wá, ìdọ̀tí ló wá.

Kó ká páàdì tàbí tampon náà, kó dì í sínú nylon méjì tó ṣeé pa lẹ́nu pinpin, kó sì tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ oúnjẹ àti ìdọ̀tí yòókù. Kò gbọdọ̀ wọ inú àgọ́ tó ń sùn sí. Níbi púpọ̀, àpótí onírin tàbí ike líle kan wà tí béárì kò lè ṣí. Tí kò bá sí, wọ́n á so ẹrù náà rọ̀ sáàárín igi, ó kéré tán mítà mẹ́ta sókè, kó sì ju mítà kan lọ síbi ìtí igi. Kó máa lo páàdì tí kò ní lọ́fínńdà. Ọṣẹ, ìpara àti ọṣẹ ìfọyín, ibi kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Kó dáná níbi tó jìnnà sí àgọ́, kó má sì wọ aṣọ tó fi dáná sùn.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ o: irú tí ẹ dì sínú báàgì ọmọ yín pé kó má gbàgbé ilé léwu ju nǹkan oṣù rẹ̀ lọ.

Ṣé kò kúkú lè rì í mọ́lẹ̀?

Rárá. Ẹranko á hú u. Iná igi lásán kì í sì í jó o tán. Kó gbé e padà wálé.

Ṣé kó lo oògùn tó máa dá nǹkan oṣù dúró kó tó lọ?

Nítorí béárì? Rárá. Tó bá jẹ́ nítorí ìrọ̀rùn ara rẹ̀ ni, dókítà ni kó bi, kó má bi WhatsApp.

Tí béárì bá yọ sí i lójijì ńkọ́?

Kó má sáré. Béárì yára ju èèyàn lọ, ó sì máa ń sáré lé ohun tó bá ń sá. Kó dúró, kó rọra máa fà sẹ́yìn, kó máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀. Agolo kan wà tí wọ́n ń ta fún ìdí yìí, ata ló wà nínú rẹ̀, èèyàn á fín in sójú béárì tó bá ń bọ̀. Ata títani lójú kò ṣàjèjì sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ìbàdí ni kó fi í kọ́ sí, kó má sin ín sísàlẹ̀ báàgì. Wọn ò sì gbà á nínú ọkọ̀ òfuurufú, ìbáà jẹ́ nínú ẹrù tó fi ránṣẹ́ sísàlẹ̀, nítorí náà ibi tó bá ń lọ ni kó ti rà á.

Tó bá jẹ́ grizzly tí ẹ̀rù bà lójijì ló gbá a mú, kó dojú bolẹ̀, kó fọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀yìn ọrùn, kó ṣe bí òkú. Tó bá jẹ́ black bear ló kọ lù ú, kó má ṣe bí òkú rárá, kó bá a jà pẹ̀lú ohunkóhun tọ́wọ́ rẹ̀ bá bà. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti kọ ju láti ṣe lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kí wọ́n má dá rìn, mẹ́ta ó kéré tán, kí wọ́n sì máa pariwo lójú ọ̀nà kí béárì lè gbọ́ wọn kó yà. Kí ọmọ Yorùbá mẹ́ta jọ máa rìn kí wọ́n má pariwo, ìyẹn ni mi ò tíì rí.

Ọgbà Ọ̀yọ́ Ilé ńkọ́?

Kò sí béárì kankan níbẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, ọdún 1991 ló di ọgbà ìjọba àpapọ̀, oríléeṣẹ́ rẹ̀ sì wà nílùú Ọ̀yọ́ níhìn-ín. Àwókù ìlú tí Aláàfin ti ń ṣàkóso kí wọ́n tó ṣí wá sí Ọ̀yọ́ ti òní wà nínú rẹ̀. Ẹran tí èèyàn lè bá pàdé níbẹ̀ ni ìgalà, ẹfọ̀n, ìmàdò àti oríṣiríṣi ọ̀bọ. Ẹfọ̀n lẹ́rù, pàápàá èyí tó bá dá rìn, ṣùgbọ́n koríko ló ń jẹ. Ọ̀bọ lè tú báàgì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń wá. Obìnrin tó bá wà lásìkò rẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀, omi àti páàdì tó máa tó o ni kó bójú tó, torí kò sí ṣọ́ọ̀bù nínú igbó.

Ẹ̀rù tó yẹ kó ba ẹni tó fẹ́ wọ igbó lápá ibí lásìkò yìí, ẹsẹ̀ méjì ló fi ń rìn, ìbọn ló sì ń gbé. Kó kọ́kọ́ lọ béèrè ní oríléeṣẹ́ ọgbà náà bóyá ọ̀nà dáa, kó sì mú ẹ̀ṣọ́ ọgbà dání.

Ṣé kí n sọ fún ọmọ mi pé kó má lọ mọ́?

Ìyá tó pè mí ní ìdájí ti bá tirẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ náà ti mọ gbogbo èyí tí mo kọ sókè yìí, ó ti ra agolo ata, nylon rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bára wọn fà báyìí ni panla méjì tí ìyá fi ránṣẹ́ sí i lóṣù tó kọjá, tí ọmọ náà ti dì sínú báàgì ìrìn-àjò. Ó ní òun ò lè jẹ oúnjẹ inú agolo fún ọjọ́ mẹ́rin.